Òṣùwọ̀n ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe ojú: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí sẹ́ńtífúùjì

Ẹ̀yin tá a jọ ń lo sẹ́ńtífúùjì, ẹ̀rọ tó ń yí túùbù kíákíá kí ohun inú omi lè wálẹ̀, n'Ílọrin níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wọn túùbù yín kẹ́ ẹ tó tì í bọ rótọ̀, ìyẹn apá tó ń yí nínú ẹ̀rọ náà. Kò tó kí omi wọn bára mu lójú. Túùbù tí amọ̀ àwọn amọ̀kòkò Òkèlele wà nínú rẹ̀ àti túùbù omi lásán lè jọ dé ìlà mílílítà 40, kí ti amọ̀ sì fi gíráàmù 2 wúwo jù.

Bí rótọ̀ bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí ìdí túùbù sì jìnnà sí àárín ní sẹ̀ǹtímítà 15, gbogbo nǹkan inú rẹ̀ á wúwo ní ìlọ́po 1,500. Gíráàmù 2 yẹn á di nǹkan bíi kílò 3 tó ń fa rótọ̀ sápá kan. Ibẹ̀ ni wàhálà wà: ẹ̀rọ á máa gbọ̀n, á máa rìn lórí tábìlì, túùbù á fọ́, irin tó gbé rótọ̀ á sì wọ́. Ẹ pa á, ẹ má fọwọ́ kan ìdérí títí yóò fi dúró pátápátá.

Ẹ wọn túùbù méjì tó máa dojú kọra pẹ̀lú ìdérí wọn. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, ẹ bu omi sínú òmíràn kó fi bá a wúwo dọ́gba. Òṣùwọ̀n alápá méjì àtijọ́ náà tó; kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kò sówó.

Kíkọ ìyípo nìkan sínú ìwé kò wúlò. Ẹ fi iye sẹ̀ǹtímítà ìjìnnà náà lọ́nà iye ìyípo ìṣẹ́jú kan, ẹ tún fi lọ́nà ìyípo náà lẹ́ẹ̀kejì, kẹ́ ẹ wá fi lọ́nà 0.00001118; ìyẹn ló máa sọ ìlọ́po tí nǹkan inú túùbù fi wúwo.

Ẹ fi kẹ́míkà tó ń jẹ́ sodium hexametaphosphate tú amọ̀ ká kó má baà so pọ̀. Láìsí ẹ̀rọ, hóró amọ̀ tó jẹ́ máíkírọ̀n 2 (máíkírọ̀n kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà) á lo bíi wákàtí 8 kó tó rìn wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 nínú omi ìwọ̀n ooru 20. Ooru wa níbí á mú un yá díẹ̀. Èyí tó bá kéré tó ìdajì rẹ̀ á pẹ́ ní ìlọ́po mẹ́rin.

Ti pólímà, ohun tí ẹyọ rẹ̀ kéékèèké so pọ̀ gùn bí ẹ̀wọ̀n, yàtọ̀. Èyí tó ti yòrò, bíi ti omi ilá, kò ní wálẹ̀ nínú ẹ̀rọ orí tábìlì. Ẹ kọ́kọ́ yí i kí pàǹtí kúrò, ẹ da ẹtanọ́ọ̀lù (ọtí inú láàbù) ìlọ́po mẹ́ta sí omi tó mọ́ náà kó dì, kẹ́ ẹ tún yí i.

Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ pa súìṣì, ẹ jẹ́ kí rótọ̀ dúró fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún túùbù wọ̀n kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ padà.