Ẹ lé omi jáde kí ẹ tó máa sá fún ooru

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá bí èròjà àyẹ̀wò PCR (èyí tó ń sọ DNA kòkòrò di púpọ̀ kí a lè rí i) ṣe máa pẹ́ láìsí fíríìjì, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé ooru mélòó ló lè fara dà. Èmi náà á bi í padà: omi mélòó ló ṣẹ́ kù nínú rẹ̀? Níbi tí omi bá wà ni ooru ti ń rí iṣẹ́ ṣe: ẹ́ńsáìmù, ìyẹn purotéènì tó ń ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò náà, á tú kúrò ní ìrísí rẹ̀, dNTP, ìyẹn àwọn ègé tí a fi ń kọ́ DNA, á máa já. Èyí tó bá gbẹ dénú lè wà nínú ooru ìwọ̀n 40 fún ọ̀pọ̀ oṣù kó má ṣe é ní nǹkan kan.

Nítorí náà, kí ẹ tó náwó lórí ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan dì kó tó gbẹ ẹ́, ẹ wo inú ìgò ẹ́ńsáìmù yín. Glycerol, ohun olómi kan tó ki, ni ó sábà máa ń tó ìdajì ohun tó wà nínú èyí tí wọ́n ń tà fún PCR, torí òun ni kì í jẹ́ kó dì ní ìwọ̀n -20. Glycerol yìí kan náà kì í gbẹ. Ẹ fi sínú ẹ̀rọ di ọ̀la, ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ẹ bèèrè èyí tí kò ní glycerol, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀. N kò mọ àbùjá kankan níbí.

Ṣúgà ló kàn. Trehalose ni tèmi. Bí omi ṣe ń kúrò, òun ló ń rọ́pò rẹ̀ lára ẹ́ńsáìmù, á wá le gbagidi bíi gíláàsì débi pé kò sí ohun tó lè rìn nínú rẹ̀. Trehalose tó gbẹ dáadáa kì í rọ̀ àfi tí ooru bá ti kọjá 100. Sucrose máa ń rọ̀ ní nǹkan bíi 60 sí 70. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin díẹ̀ bá wọlé, ìwọ̀n yẹn á já wálẹ̀ kíákíá, ti trehalose náà. Glucose ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Ó máa ń so mọ́ purotéènì, á sì bà á jẹ́.

Gbígbẹ gan-an kò ní àdììtú: a ó mú un dì, a ó fa afẹ́fẹ́ jáde, yìnyín á di oru láìkọ́kọ́ yọ́, a ó wá rọra mú ooru gòkè kí omi tó sápamọ́ lè jáde.

Ìgbà tí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ni kí ẹ ṣọ́ra jù. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ìyẹ̀fun náà á ti máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Yàrá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ ni kí ẹ ti dí i, nínú àpò alumíníọ̀mù, pẹ̀lú silica gel, àwọn hóró tó ń fa ọ̀rinrin mọ́ra. Ọ̀rá lásán kò tó, torí oru omi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Àyẹ̀wò kan, àpò kan: ìgò tí wọ́n ń ṣí lójoojúmọ́ kì í pẹ́ bàjẹ́. Ẹ wo àyẹ̀wò ibà onípáálí pẹlẹbẹ. Ìdí rèé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń dá wà nínú àpò tirẹ̀, tí wọ́n sì ń ní kí á má ya á àfi tí a bá fẹ́ lò ó.

Ó wá ku bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó dúró lóòótọ́. Ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò kún inú rẹ̀ dán an wò o! Ẹ́ńsáìmù tó ti kú dé ìdajì ṣì máa rí kòkòrò nínú irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí kòkòrò inú rẹ̀ kéré débi pé àyẹ̀wò ń rí i tipátipá ni kí ẹ lò. Ẹ fi díẹ̀ sí ìwọ̀n 45, díẹ̀ sí 30, díẹ̀ sínú fíríìjì, kí ẹ sì máa fi wọ́n wé ara wọn lọ́jọ́ kan náà. Ti 45 máa ń tètè fi àléébù hàn, ó sì dára fún yíyan èyí tó sàn jù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìparí lílò tí ẹ ó kọ sára páálí, ti 30 tó pé iye oṣù yẹn ní ti gidi ni kí ẹ fi jẹ́rìí rẹ̀. ISO 23640, ìlànà àgbáyé lórí bí èròjà àyẹ̀wò ṣe ń pẹ́ tó, gbà kí ẹ fi ti kíákíá (bíi ti 45) bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó ní kí ẹ fi ti gidi tẹ̀ lé e.