Ilé Ìdáná Kan ní Ulhasnagar Tí Mo Ti Kọ́ Bí A Ṣe Ń Ṣe Koki

Ẹni tó bá ń wá koki tó dáa, ìyẹn búrẹ́dì pẹlẹbẹ alálùbọ́sà ti àwọn Sindhi, ní agbègbè Mumbai ní Íńdíà, kó má wulẹ̀ dààmú ara rẹ̀ kiri ilé oúnjẹ. Oúnjẹ inú ilé ni. Kó wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Karjat, kó kọjá Thane, kó kọjá Kalyan, kó sọ̀ kalẹ̀ ní Ulhasnagar, kó sì rí i pé òun ti mọ ẹnì kan níbẹ̀. Èmi mọ ẹnì kan: ìyá ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣòwò l'Ékòó. Sindhi ni wọ́n, àwọn tí orísun wọn jẹ́ Sindh, ilẹ̀ kan tó wà ní Pakistan báyìí. Àwa ará Èkó sì ti ń bá Sindhi pàdé tipẹ́, bí ọ̀pọ̀ wa ò tiẹ̀ mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nìyẹn. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ Chellaram, Sindhi ni wọ́n, láti 1923 ni wọ́n sì ti ń tajà l'Ékòó.

Ibùdó ọmọ ogun ni Ulhasnagar lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí wọ́n wá pín Íńdíà lọ́dún 1947, Punjab àti Bengal, àárín méjì ni wọ́n là wọ́n sí. Sindh ò pín ní tiẹ̀, odidi rẹ̀ ló bọ́ sọ́wọ́ Pakistan. Àwọn Sindhi ẹlẹ́sìn Híńdù fi ilé, oko àti ìsọ̀ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bára wọn nínú ilé sójà wọ̀nyẹn. Ọdún 1949 ni ibẹ̀ di ìlú tó ń jẹ́ Ulhasnagar, orúkọ odò Ulhas ni wọ́n fi sọ ọ́. Títí di òní, Camp 1 títí dé Camp 5 ni wọ́n ń pe àwọn àdúgbò rẹ̀. Ohun tó ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọmọ Punjab tó wà ní Íńdíà lè na ọwọ́ sí ìpínlẹ̀ kan kó ní tòun nìyí. Sindhi ò rí ibì kankan nà án sí. Èdè wọn, òrìṣà wọn Jhulelal, àti oúnjẹ wọn ni wọ́n rí gbé dání.

Màmá ò wọn nǹkan kan. Wọ́n bu ìyẹ̀fun àlìkámà sínú àwo fífẹ̀, wọ́n da ghee lé e, ìyẹn bọ́tà tí wọ́n ti yọ́ tí wọ́n sì ti sẹ́, wọ́n sì fi ìka ra á títí ìyẹ̀fun náà fi ń dì mọ́ra bí wọ́n bá fún un lọ́wọ́. Àlùbọ́sà tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ata tútù, ewé kọriáńdà, kumini, iyọ̀, àti kóró èso pómégíránétì gbígbẹ tí wọ́n gún ṣákaṣàka tẹ̀ lé e. Kóró yẹn ló ń fún un ní adùn kíkan díẹ̀díẹ̀. Omi tí wọ́n wọ́n sí i ò tó nǹkan, torí àlùbọ́sà á tú omi tiẹ̀ sílẹ̀. Ó le koko. Màmá mú ọwọ́ mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn kí n lè mọ bó ṣe yẹ kó le tó.

Ibi tí ọgbọ́n koki wà nìyí: ẹ̀ẹ̀mejì ló ń dé orí iná. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ kó nípọn, wọ́n á gbé e sórí tawa, ìyẹn páànù pẹlẹbẹ, wọ́n á yí i padà kíákíá, kí ara rẹ̀ ṣáà ti yí àwọ̀ díẹ̀. Wọ́n á wá sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á tún fi igi tẹ̀ ẹ́ fẹ̀ sí i bó ṣe gbóná yẹn. Etí rẹ̀ á là. Mo fẹ́ fọwọ́ tún un ṣe, Màmá ní kí n fi í sílẹ̀, pé koki tí etí rẹ̀ ò là, ọwọ́ ẹ̀rọ ló ti wá. Wọ́n fi ọ̀bẹ fa ilà sí i lójú kí ooru lè wọ inú, wọ́n dín iná kù gan-an, wọ́n da ghee yí i ká, wọ́n sì ń fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi ní àmì pupa-rúsúrúsú káàkiri. Iná kékeré yìí àti omi tí kò pọ̀ ló ń jẹ́ kó wà di ọjọ́ kejì láìbàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí Sindhi fi ń dì í sẹ́rù ìrìnàjò, bí àwa náà ṣe ń di gàrí.

Yógọ́ọ̀tì tútù, papad, ìyẹn ìpápánu pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó ń dún kẹrẹkẹrẹ lẹ́nu, àti tíì gbígbóná ni wọ́n fi gbé e fún mi. Ìta rẹ̀ ń rún, inú rẹ̀ rọ̀, ata sì ń ta díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀fun.

Nílé níbí, ìyẹ̀fun wíìtì tí a fi ń ro òkèlè ni mo ń lò, mo sì máa ń fi asẹ́ kù ú dáadáa, torí ó ṣàkì ju tiwọn lọ. Bẹ́ ò bá rí kóró pómégíránétì, ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá. Mi ò fara mọ́ kí ẹnikẹ́ni fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, omi rẹ̀ á ba ìyẹ̀fun jẹ́. Ata rodo dáa níbẹ̀, àmọ́ ìdajì ẹyọ kan ti tó. Bó bá sì ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì, orí páànù gbígbẹ, lórí iná kékeré, ni kẹ́ ẹ ti gbé e gbóná.