Eṣinṣin ni mo lọ yà ní J4, kì í ṣe erin

Ẹ̀yin èèyàn mi, tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ ya fọ́tò kòkòrò nínú igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹ má gbé báàgì kámẹ́rà kọ́ ẹ̀yìn o. Inú Ghana-must-go ni kẹ́ ẹ jù ú sí. Bí mo ṣe bọ́ọ́lẹ̀ ní J4, ibi téèyàn ti ń yà wọ igbó náà, lórí títì márosẹ̀ tó lọ sí Ọ̀rẹ̀, ọlọ́kadà kan wo báàgì mi, ó wo bàtà mi, ó ní ₦8,000. Ìyá kan tó gbé iṣu dání, ọ̀nà kan náà la jọ ń lọ, ₦2,000 ló san lójú mi báyìí! Mo ní kí ló dé, ó ní ṣebí èmi wá ṣe risáàṣì. Risáàṣì bàbá ta ni? A ná an títí, ó dúró sí ₦5,000, mo gùn ún tìbínú-tìbínú.

Ká ní ó tiẹ̀ gbé mi débẹ̀ ni, mi ò bá ti dákẹ́. A ṣì wà láàárín igi Gmelina tí wọ́n gbìn lọ súà, igi kan náà lọ́tùn-ún lósì, ni ṣéènì já. Ọ̀gbẹ́ni yìí wo ṣéènì, ó wo mí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wá nǹkan fún wa ká fi ra tuntun." Ẹ gbà mí o, ọ̀kadà tiẹ̀, owó tèmi! A dúró nínú oòrùn títí ọkọ̀ onígẹdú kan fi kọjá, wọ́n fún un ní wáyà, ó fi so ó, kò pẹ́ ló tún já, ni mo bá fẹsẹ̀ rin ìyókù. Kò dá kọ́bọ̀ padà.

Gbogbo ẹni tí mo pàdé ló ń bi mí bóyá erin ni mo wá wò. Erin wà níbẹ̀ lóòótọ́, òun ló ń gbé igbó yẹn sínú ìròyìn, UNESCO náà ti kà á mọ́ àwọn biosphere reserve wọn, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń dáàbò bo igbó àtàwọn ẹ̀dá inú ẹ̀, láti 1977. Àmọ́ kí ni kí n fi lẹ́ǹsì macro 100mm, tó jẹ́ ti nǹkan kéékèèké, ṣe lára erin?

Ọjọ́ kejì ni inú mi tó yọ́. Bàbá kan tó ti ṣọdẹ rí ló mú mi lọ sétí odò kí oòrùn tó yọ, torí òtútù àárọ̀ kì í jẹ́ kí kòkòrò lè fò. Lámilámi kan wà lórí koríko, ìrì bo ojú ẹ̀ méjèèjì, kò mira. Lẹ́yìn náà la rí èyí tí mo torí ẹ̀ wá: eṣinṣin tí ojú ẹ̀ wà ní ṣóńṣó ọ̀pá, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Akọ méjì kọjú síra wọn lórí ewé, wọ́n ń wọn ọ̀pá ojú ta ló gùn jù, èyí tí tiẹ̀ kúrú kàn yíjú padà, ó bá tiẹ̀ lọ, kò sí ìjà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ní 1:1, ìyẹn tí àwòrán kòkòrò bá tóbi tó kòkòrò fúnra ẹ̀ nínú kámẹ́rà, kódà tó o bá fún ojú lẹ́ǹsì pọ̀ dé f/11, ibi tó máa mọ́ kedere ò ju bíi mìlímítà kan lọ. Ojú ọ̀tún á mọ́, tòsì á ṣe bàìbàì, àfi kó kọjú sí ẹ gan-an. Mo dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mi ò mí, nylon funfun ni mo fi bo fíláàṣì kí ara eṣinṣin náà má baà dán jù, mo sì rí i yà, ojú méjèèjì!

Ibẹ̀ náà ni ìjàlọ ti gba ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn ò lójú rárá, síbẹ̀ wọ́n mọ ibi tó yẹ kí wọ́n bù jẹ. Tó o bá fà á, ara á já, orí á ṣì dì mọ́ ẹ lẹ́ran. Bàbá ní, "Ẹ bọ́ ṣòkòtò jàre, mi ò wò yín." Mo bọ́ ọ. Ẹ fi ẹsẹ̀ ṣòkòtò yín bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ẹnì kankan ò sọ fún mi. Owó tí bàbá yìí gbà ò tó ti ọlọ́kadà, mo fi nǹkan lé e tayọ̀tayọ̀.

Nígbà tí mo fi dé Ìjẹ̀bú-Òde, ebi ti fẹ́ẹ̀ lù mí pa. Ìyá kan nítòsí gáréèjì bu ìkọ́kọrẹ́ fún mi, ewùrà tó rin dáadáa, ẹja yíyan ò lóǹkà nínú ẹ̀, ata ẹ̀ mú mi fọn imú, ₦1,500 péré. Ìrẹsì tí wọ́n ń nà sójú fèrèsé bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà yẹn, ẹ má dá a lóhùn, ẹ fara da ebi dé Ìjẹ̀bú-Òde.