Àpótí Káàdì fún Ìtàn Àtẹnudẹ́nu: Ibi Tí Iṣẹ́ Dé Lópin Ọ̀sẹ̀ Keje

Káàdì 49 ló wà nínú àpótí náà báyìí. Páálí líle ni mo fi ṣe é, mo sì fi aṣọ lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó má baà tètè ya. Ìtàn kan ṣoṣo ni mo ń kọ sórí káàdì kọ̀ọ̀kan: ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́, ìgbà tó kọ́kọ́ hàn nínú àkọsílẹ̀, àti ohun tó yí padà nínú rẹ̀ láti ìgbà náà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yóò gbà mí.

Àṣìṣe tí mo ṣe ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ló fà mí sẹ́yìn. Ètò nọ́ńbà kan wà tí àwọn onímọ̀ fi ń to àlọ́, èyí tí Antti Aarne ará Finland gbé jáde ní 1910, tí Stith Thompson ará Amẹ́ríkà fẹ̀ lójú ní 1928 àti 1961, tí Hans-Jörg Uther ará Jámánì sì tún ṣe ní 2004. Òun ni mo fẹ́ fi to ìtàn. Àlọ́ gba nọ́ńbà wẹ́rẹ́, nítorí pé ọmọbìnrin tí bàtà rẹ̀ bọ́ lọ́jọ́ ijó kò yé jẹ́ 510A, ibi yòówù tí wọ́n ti ń pa á. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo kan ìtàn tó ní orúkọ ìlú àti ọjọ́ nínú, n kò rí ibi tí mo lè fi í sí. Káàdì 23 ni mo ti fi yíǹkì tí kì í parẹ́ kọ nọ́ńbà sí lórí, gbogbo wọn ni mo sì kó dànù. Ẹ̀yìn èyí ni mo tó mọ̀ pé Reidar Christiansen ará Norway ti ṣe ètò mìíràn ní 1958 fún irú ìtàn tó ń rìn láti ìlú dé ìlú, nọ́ńbà tirẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 3000, níbi tí ti àlọ́ kò dé.

Káàdì tó gbà mí lákòókò jù lọ ni ti afunfèrè Hameln, ní Jámánì. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe mọ̀ ọ́n ni pé eku dààmú ìlú náà, àlejò kan fi fèrè kó wọn wọ odò, àwọn ará ìlú kọ̀ láti sanwó fún un, ó sì fi fèrè kan náà kó àwọn ọmọ wọn lọ. Mo ti fi yíǹkì dúdú, tí mo yà sọ́tọ̀ fún ohun tó pẹ́ jù, kọ gbogbo èyí kí n tó yẹ àkọsílẹ̀ àtijọ́ wò. Nínú ìwé àfọwọ́kọ Lüneburg, tí wọ́n kọ láàárín nǹkan bí 1430 sí 1450, ohun tí mo bá ni pé ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1284, arẹwà ọkùnrin kan tó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, tó múra dáadáa, gba orí afárá wọ ìlú, ó fọn fèrè fàdákà, 130 ọmọ sì tẹ̀ lé e jáde, wọn kò sì padà. Kò sí eku níbẹ̀ rárá, kò sì sí gbèsè. Àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún ni eku tó wọ inú ìtàn náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ ọ́ fún ohun tó ju igba ọdún lọ.

Mo tún káàdì náà kọ, mo sì fi yíǹkì pupa kọ eku. Lójú tèmi, eku wọlé nítorí pé etí kì í fẹ́ gba ìyà tí kò nídìí. Bí ọmọ bá máa lọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti ṣẹ̀. Àwọn òpìtàn kan gbà pé àwọn ọ̀dọ́ tó lọ tẹ ilẹ̀ ìlà-oòrùn dó ni àwọn ọmọ ọ̀hún, ó sì ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó wú mi lórí ju ìyẹn lọ ni òpópónà kan ní Hameln, tí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ìlù kì í dún níbẹ̀: wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn ọmọ náà gbà jáde, nítorí náà a kì í lùlù, a kì í sì í jó níbẹ̀.

Nọ́ńbà 4080 nínú ètò Christiansen ni ti obìnrin seal, ẹran inú òkun tó máa ń gun àpáta wá sinmi. Ọkùnrin kan jí awọ seal tí obìnrin náà bọ́ sílẹ̀, ó fi obìnrin náà ṣaya, títí di ọjọ́ tí ọkùnrin náà gbàgbé kọ́kọ́rọ́ àpótí tí awọ náà wà sílé, tí obìnrin náà sì gbé awọ rẹ̀ wọ̀, tó padà sínú òkun. Ní Mikladalur, ní àwọn erékùṣù Faroe, ìtàn náà kò tán síbẹ̀. Àwọn ọkùnrin abúlé pa ọkọ tí obìnrin náà ní nínú òkun, tó jẹ́ seal, àti àwọn ọmọ rẹ̀, obìnrin náà sì gégùn-ún pé wọn yóò máa kú sínú òkun, wọn yóò máa já láti orí àpáta, títí òkú wọn yóò fi pọ̀ tó láti dira wọn lọ́wọ́ mú yí erékùṣù Kalsoy po. Ẹni tó ń gbọ́ ọ lè gbójú sókè wo erékùṣù náà, kó máa ṣírò. Ní 2014, wọ́n gbé ère obìnrin náà kalẹ̀ sétí omi níbẹ̀.

Òpópónà àti erékùṣù wọ̀nyí ló jẹ́ kí n fa ìlà kẹrin sórí gbogbo káàdì, mo pè é ní “ohun tí a lè nàka sí”. Èyí kò pọn dandan fún àlọ́. Ìtàn mẹ́fà péré nínú 49 ni n kò tíì rí nǹkan kọ sí ìlà náà fún, mo sì fura pé àlọ́ ni méjì nínú wọn. Mo ya àwòrán kékeré lẹ̀ mọ́ àwọn yòókù, ìyẹn ló sì mú kí káàdì nípọn débi pé ìdérí kò lè dé mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n óò gé páálí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta láti fi gbé e sókè.