VHF àti PLB: ara yín ni kẹ́ ẹ so ó mọ́ o

Ẹ̀yin tá a jọ ń wa kayak lójú òkun, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lẹ́nu tipẹ́. VHF ni rédíò alágbèéká tá a fi ń bá àwọn ọkọ̀ ojú omi àtàwọn tó wà létíkun sọ̀rọ̀, PLB sì ni ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ fún sátẹ́láìtì pé a wà nínú ewu. Léraléra ni mò ń rí i létíkun Anglesey, erékùṣù kan ní Wales níbí, wọ́n á ki rédíò VHF bọ báàgì, wọ́n á ti báàgì yẹn síbi ìkẹ́rù tó wà lẹ́yìn kayak, wọ́n á wá dé e pa. Ẹ jọ̀ọ́, tí ìgbì bá dà yín sómi ńkọ́? Afẹ́fẹ́ máa ń gbé kayak tó ṣófo sáré ju bí èèyàn ṣe lè lúwẹ̀ẹ́ bá a lọ. Ara láìfù jákẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ wọ̀ ni kí rédíò yẹn wà, kẹ́ ẹ sì fi okùn dè é.

Mo fẹ́ràn VHF gan-an torí pé èèyàn ló ń dá ẹ lóhùn. Tẹ́ ẹ bá pe Mayday, ìyẹn igbe pé ẹ wà nínú ewu, lórí channel 16 tó wà fún ìpè pàjáwìrì, yàtọ̀ sí Coastguard, àwọn tó ń ṣètò ìdóòlà lójú òkun, ní Holyhead, ọkọ̀ apẹja tó wà nítòsí náà lè gbọ́, òun gan-an ló tiẹ̀ lè kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín. Àmọ́ kì í la òkè kọjá, àwa tá a sì jókòó sínú kayak, antenna wa ò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà kan lọ sókè omi, torí náà láti kayak sí kayak kìlómítà díẹ̀ ni, ìgbì ńlá á tún máa dí i, kò wá níí jìnnà rárá tẹ́ ẹ bá wà lábẹ́ àpáta bíi ti South Stack.

Mo máa ń rántí Andrew McAuley, ará Ọsirélíà tó fẹ́ wa kayak láti Tasmania dé New Zealand ní 2007. Ó ti sún mọ́ Milford Sound. Wọ́n gbọ́ ohùn ẹ̀ lórí rédíò lọ́jọ́ 9 oṣù kejì, àmọ́ kò já geere. Lọ́jọ́ kejì wọ́n rí kayak ẹ̀, wọn ò rí òun fúnra ẹ̀ mọ́. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń jáde láìsí PLB. Orí 406 MHz ló ń gbà bá sátẹ́láìtì Cospas-Sarsat, ètò tó ń gbọ́ ìpè ewu, sọ̀rọ̀, èyí tó bá ní GPS á sọ ibi tẹ́ ẹ wà, bátìrì ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lè lo wákàtí 24 ó kéré tán. Ẹ má ra àlòkù àtijọ́ tó jẹ́ 121.5 MHz nìkan o, látọdún 2009 ni sátẹ́láìtì ò ti gbọ́ tiẹ̀ mọ́. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ máa gbé e sókè kúrò nínú omi, kí antenna kọjú sí sánmà, nígbà tí òtútù ti pa ọwọ́ yín kú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nílé, kẹ́ ẹ fi ìka wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí i. Ẹ má tàn án ṣá.

Kẹ́ ẹ sì forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ní UK níbí, torí nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá fi síbẹ̀ ni Coastguard máa pè. Nọ́ńbà sìstá mi tó wà ní Peckham ni mo fi síbẹ̀. Ó ní, "Tí wọ́n bá wá pè mí, kí ni kí n sọ fún wọn?" Ìbéèrè gidi nìyẹn! Ní báyìí, kí n tó wọ omi, mo máa ń fi àwọ̀ kayak mi, ibi tí mò ń lọ, àwọn tá a jọ lọ àti ìgbà tí màá dé ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp.

Fóònù náà dáa, 999 ni, kẹ́ ẹ ní Coastguard lẹ fẹ́, àmọ́ tómi bá ti bo ojú ẹ̀, tí ìka sì ti tutù, títẹ̀ ẹ́ máa ń dogun. Ẹ mú un dání, ẹ má fi ṣe ọ̀kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ní.