Ọdún tí mo wá ilé fún Súúrù

Mi ò kọ́kọ́ fẹ́ kọ àyẹ̀wò ọdún kankan lọ́tẹ̀ yìí, torí tí n bá ní kí n to gbogbo ohun tí mo ṣe ní 2025, iṣẹ́ tí mo pààrọ̀, ilé tí mo kó kúrò, kò lè ju ìlà mẹ́ta lọ. Ohun tó gba ọkàn mi gangan láti June títí di November ni ẹṣin bàbá mi. Súúrù lorúkọ ẹ̀.

Ìlọrin ni bàbá mi ti rà á ní 2009, wọ́n ní ó ti tó ọmọ ọdún 7 nígbà yẹn, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ó ti di ọmọ ọdún 23, ẹṣin tó bá sì ti lé ní 20, àgbà ti dé sí i nìyẹn. Pupa ni, gọ̀gọ̀ ẹ̀ dúdú, àmọ́ iwájú orí ẹ̀ ti ń hu ewú. Òun ni gbogbo àwa ọmọ ilé fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin a máa gba abẹ́ ikùn ẹ̀ kọjá, kò ní gbé ẹsẹ̀ rárá. Wọ́n á yin ìbọn létí ẹ̀ lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ìyẹn ọdún tí àwọn ẹlẹ́ṣin máa ń lọ kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, yóò kàn mi etí ni.

Ojúde Ọba ọdún yìí, June 8, èmi ni mo gùn ún pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé wa. Ọ̀pọ̀ ẹṣin tẹ́ ẹ máa ń rí ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ yẹn, wọ́n yá wọn wá ni, ti ilé ni Súúrù. A ò tíì dé iwájú pèpéle tí mo ti gbọ́ ọ lára pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ń gbọ̀n. Kò kọsẹ̀ o, kò dúró, ó kàn ń gbọ̀n bí ẹni tẹ́rù wọ̀ lọ́rùn tí ò sì fẹ́ sọ. Mo sọ̀kalẹ̀, mo di ìjánu ẹ̀ mú, mo fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú ẹ̀ títí a fi kọjá. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé àrà la fi ń dá. Inú agbádá yẹn ni mo ti ń sunkún.

Ní July 13 ni Kábíyèsí Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, wàjà, lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́. Ojúde Ọba tá a ṣe yẹn ló wá jẹ́ ìkẹyìn Kábíyèsí, mi ò fi ẹṣin wé ọba o, ẹ má ṣì mí gbọ́, àmọ́ àsìkò yẹn gan-an ló yé mi pé ìkẹyìn Súúrù náà nìyẹn. Màlámù tó ti ń tọ́jú ẹ̀ látayé bàbá mi ti darúgbó, ó fẹ́ padà sílé ní Sókótó. Èkó lèmi wà. Ìyá mi ò lè máa gé koríko.

Tẹ́ ẹ bá ti sọ síta pé ẹ fẹ́ fi ẹṣin tọrẹ, ẹ ò ní wá èèyàn tì. Ẹni àkọ́kọ́ tó pè mí, ohun tó bi mí ni pé ṣé ó sanra. Kò bèèrè bóyá ara ẹ̀ le, kò bèèrè orúkọ ẹ̀. Mo gé fóònù. Ẹnì kejì ń fi ẹṣin gbé èèyàn létí òkun l'Ékòó, mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan láì sọ fún un. Ọ̀sán gangan, iyanrìn ń jó èèyàn lẹ́sẹ̀, ẹṣin mẹ́ta dúró pẹ̀lú gàárì lẹ́yìn, kò sí omi nítòsí, ọ̀kan ti degbò níbi tí gàárì ti ń ha á. Ọmọ tó ń fà wọ́n ń wá oúnjẹ oòjọ́ ni, mi ò lè bá a jà, mo kàn ra omi fún wọn, mo lọ. Ẹnì kẹta ń fi ẹṣin háyà fún ìgbéyàwó. Ó ní irú ẹṣin jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an lòun ń wá.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Torí ìwà jẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹṣin tó bá ń tàpá, tó ń bunijẹ, wọ́n á tètè mọ̀ pé nǹkan ń dùn ún. Súúrù ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, yóò máa gbé e lọ ni, ìgbà tó bá ṣubú ni wọ́n máa tó mọ̀. Ẹni tó máa wò ó ni mo nílò, kì í ṣe ẹni tó máa gùn ún.

Dókítà ẹran kan ló júwe bàbá kan fún mi, ọgbà wọn ò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, wọ́n ní abo ẹṣin méjì níbẹ̀. Bàbá yìí wá sí Ìjẹ̀bú fúnra wọn. Wọn ò sọ̀rọ̀ owó. Wọ́n fìdí lé àpótí, wọ́n ń wo Súúrù bó ṣe ń jẹun, ó tó ìdajì wákàtí. Ni wọ́n bá mú koríko kan nílẹ̀ tó ti di ìṣù, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wò ó, kò rí i jẹ mọ́, ó ń tu ú dànù ni." Mo ti ń rí àwọn ìṣù koríko yẹn láti bí oṣù mélòó kan, mo rò pé màlámù ò gbálẹ̀ dáadáa ni. Ojú tì mí gan-an.

Dókítà wá, ó yẹ ẹnu ẹ̀ wò. Eyín ẹṣin kì í dúró sójú kan, ó máa ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú èrìgì bó ṣe ń jẹ, ibi tí kò bá jẹ dọ́gba á wá mú bí ọ̀bẹ. Ti Súúrù ti gé e ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ nínú. Wọ́n fi irin tí wọ́n fi ń ha eyín ẹṣin ha á, wọ́n ní kí n máa rẹ wít ọ́fà, ìyẹn èèpo àlìkámà, àti ọkà bàbà lílọ̀ sómi fún un kó tó jẹ, torí oúnjẹ gbígbẹ lè há ẹṣin àgbà lọ́fun, ẹṣin ò sì lè bì.

A kọ ìwé, èmi àti bàbá. Wọn ò gbọ́dọ̀ tà á, wọn ò gbọ́dọ̀ fún ẹlòmíì, ọmọdé nìkan ló lè gùn ún, owó dókítà, èmi ni, tí kò bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn mọ́ kí wọ́n pè mí kí n wá mú un. Àwọn kan ní àṣejù ni. Kì í ṣe àṣejù lójú tèmi.

Sátidé kan ní November, aago mẹ́rin ìdájí, a da iyanrìn sínú ọkọ̀ kó má baà yọ̀, a gbéra kí oòrùn tó mú, a gba Ìbàdàn, a gba Mọ́níyà. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Òkè-Ògùn tí Ìsẹ́yìn wà, koríko ló pọ̀ níbẹ̀, eṣinṣin tsetse tó máa ń kó àìsàn ran ẹṣin ò pọ̀ tó ti inú igbó. Ìdí nìyẹn tí ẹṣin fi bá àwọn ará Ọ̀yọ́ àtijọ́ jagun lọ́dàn, tí wọn ò rí i lò dáadáa tí wọ́n bá ti wọ igbó.

Bá a ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀, ọ̀kan nínú abo ẹṣin yẹn yán. Ẹṣin wa kejì kú ní 2017, látìgbà yẹn mi ò gbọ́ kí Súúrù yán mọ́. Ó gbórí sókè, ó dá a lóhùn, ohùn ẹ̀ há.

Bàbá máa ń fi fídíò ránṣẹ́ lálaalẹ́ Friday. Gàárì ẹ̀ ṣì wà ní yàrá bàbá mi, mi ò tíì lè gbé e kúrò. Ní January ni dókítà máa tún wo eyín ẹ̀, mo ti gbàyè níbi iṣẹ́, mo ti ra wít ọ́fà àpò méjì tí mo máa gbé dání.