Ẹ̀yin àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́, ẹ gba ìwé yín lọ́wọ́ ọ̀gá

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́, ẹ kú oríire o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kákí NYSC, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jáde ní MAPOLY tàbí FUNAAB tẹ́ ẹ wá ríṣẹ́ sí Òkè-Ìléwó tàbí ilé ìwé aládàáni kan l'Aṣẹ́rò, l'Abẹ́òkúta wa níbí, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ yìí dẹ̀ ti pẹ́ lọ́kàn mi. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ni mo máa ń ṣètò níbi iṣẹ́ mi, mo dẹ̀ ń rí i pé ọ̀pọ̀ yín ń ṣiṣẹ́ láìní ìwé àdéhùn iṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà yín, ẹnu náà lẹ fi dáhùn pé ẹ ti gbọ́, nígbà tó máa fi di àárọ̀ Mọ́ńdè ẹ ti wà níbẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń fà á. Ìtìjú ni, àti ẹ̀kọ́ ilé. Wọ́n ti kọ́ wa pé ọmọ kì í yájú sí àgbà, pé ẹni tó fún ẹ níṣẹ́ ṣe ẹ́ lóore, kéèyàn wá máa béèrè lẹ́tà lọ́wọ́ mọ́mì tó ni ilé ìwé, ó máa ń dà bí àrífín. Kì í ṣe àrífín rárá. Ẹ lọ sí Panṣẹ́kẹ́ tàbí Kútọ̀ kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ ìkọ́ṣẹ́ télọ̀. Kí ọmọ yẹn tó fọwọ́ kan maṣíìnì, bàbá tàbí ìyá ẹ̀ á ti wá, wọ́n á kọ iye ọdún tó máa lò síwèé, iye tí wọ́n máa san, ìgbà tó máa ṣe fríídọ̀ọ̀mù, òbí á fọwọ́ sí i, ọ̀gá á fọwọ́ sí i, ẹlẹ́rìí náà á fọwọ́ sí i, tí ìjà bá dẹ̀ dé lọ́dún kejì ìwé yẹn ni wọ́n máa gbé jáde. Kò sẹ́ni tó máa ní òbí yẹn rí ọ̀gá fín. Tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bá ní ìwé àdéhùn, kí ló wá dé tí ẹni tó lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì ò ní?

Ti àwọn tíṣà ilé ìwé aládàáni ló ń dùn mí jù. Wọ́n á ní iye báyìí lóṣù, ẹ̀yin náà ò ní béèrè oṣù mélòó ni wọ́n ń san lọ́dún. Ó di August, àwọn ọmọ wà ní họ́lídé, ẹ ń retí áláàtì, áláàtì ò dún, ẹ wá béèrè, wọ́n ní àwọn kì í san owó họ́lídé, ṣebí ẹ ò wá síṣẹ́. Ó lè jẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é látilẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó gba iṣẹ́ náà, torí onílé ò ní họ́lídé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ tàbí iṣẹ́ akọ̀wé, Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ti wà láti 1974, ó ní kó tó pé oṣù 3 tẹ́ ẹ débẹ̀, ọ̀gá gbọ́dọ̀ ti fún yín ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ yín, ọjọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, iye owó yín àti ìgbà tí wọ́n á máa san án, wákàtí iṣẹ́, àti ti ọjọ́ ìsinmi. Òfin yẹn ò ka àwọn tó wà nípò alákòóso tàbí iṣẹ́ amọṣẹ́dunjú mọ́ ọn, ohun tó bá wà nínú lẹ́tà tiyín ló máa gbà yín sílẹ̀, ẹ wá wò ó tí ò bá sí lẹ́tà rárá.

Ọmọ àdúgbò wa kan l'Ọ̀bàntókò gbé fóònù ẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Antí, ₦70,000 ni wọ́n bá mi sọ, ₦64,400 ló ń wọlé, mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún wọn." Mo ní ṣé o béèrè payslip, ìyẹn ìwé tó ń fi iye owó oṣù àti ohun tí wọ́n yọ nínú ẹ̀ hàn, ó ní rárá. Nígbà tó gbà á, a jọ jókòó tì í, a wá rí i pé ₦5,600 ni wọ́n ń yọ fún pẹ́ńṣọ̀n. Wọn ò ṣẹ̀ níbẹ̀ yẹn o. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ti 2014 ní ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ yọ ó kéré tán 8% nínú owó òṣìṣẹ́, ìyẹn básíkì, owó ilé àti owó ọkọ̀ lápapọ̀, kí ilé iṣẹ́ náà fi ó kéré tán 10% tiẹ̀ kún un. Ìyẹn ni pé ₦7,000 tún yẹ kó wá látọwọ́ ọ̀gá, ₦12,600 lóṣù nìyẹn, ₦151,200 lọ́dún kan ṣoṣo, kì í ṣe owó tá à ń fojú fò dá. Òfin dẹ̀ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ kó tó ju ọjọ́ iṣẹ́ 7 lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó oṣù.

Mo wá bi í pé, PIN pẹ́ńṣọ̀n ẹ, ìyẹn nọ́ńbà àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n ẹ, dà? Kò ní. Àkáǹtì wo ni wọ́n wá ń san owó náà sí? Òun fúnra ẹ̀ ló yẹ kó yan ilé iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n tó wù ú, kó ṣí àkáǹtì, kó dẹ̀ fún ọ́fíìsì ní nọ́ńbà ẹ̀. Ó ṣí i. Ẹ̀rù ṣì ń bà á láti lọ bá màdámú akáúńtì, mo ní kó sọ ọ́ báyìí: "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí i nínú payslip mi pé ẹ ń yọ owó pẹ́ńṣọ̀n, mo ti ṣí àkáǹtì, nọ́ńbà ẹ̀ rèé. Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo la ṣe máa ṣe ti àwọn oṣù tó ti kọjá?" Mo ní tó bá fẹ́ kó kúnlẹ̀, kíkúnlẹ̀ ò ní kí owó ẹ̀ má jẹ́ tiẹ̀. Màdámú yẹn ò bínú, ó ní òun ti ń retí nọ́ńbà yẹn tipẹ́. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹ́sítì ránṣẹ́ sí i pé owó ti wọlé, ti àtẹ̀yìnwá náà wà níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ máa béèrè nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló fẹ́ rẹ́ yín jẹ, òmíì kàn ń gbàgbé ni, òmíì ò ní ètò. Tí tiyín bá ní òun ò tíì ráyè tẹ lẹ́tà, ẹ fi WhatsApp ránṣẹ́ sí i lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀: "Ẹ ṣé sà fún ti òní. Bá a ṣe jọ sọ ọ́, mo bẹ̀rẹ̀ lónìí, owó oṣù mi jẹ́ iye báyìí, ìparí oṣù lẹ máa ń san án." Tó bá ti fèsì pé "ok", ẹ tọ́jú ẹ̀, ẹ má pa á rẹ́.

Tẹ́ ẹ bá dẹ̀ fẹ́ kúrò, ẹ má kàn sá lọ. Tí lẹ́tà yín ò bá sọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fi ṣe nótíìsì, Labour Act ní ọ̀sẹ̀ 1 fún ẹni tó ti ju oṣù 3 lọ tí ò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 fún ọdún 2 sí 5, oṣù 1 fún ẹni tó ti lo ọdún 5 sókè. Tó bá pé oṣù 4 tẹ́ ẹ ò tíì ríṣẹ́ míì, òfin pẹ́ńṣọ̀n gbà kẹ́ ẹ béèrè fún 25% nínú owó yín, wọ́n dẹ̀ máa fẹ́ rí ìwé tó fi hàn pé ẹ ti kúrò níbi iṣẹ́ lóòótọ́. Torí náà ẹ tẹ lẹ́tà tẹ́ ẹ fi ń kúrò ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀kan pé àwọn ti gbà á, pẹ̀lú déètì àti ìbuwọ́lù, ìyẹn lẹ máa mú lọ sílé.